Ẹni Tó Máa Buwọ́ Lu Ìwé Mọ́tò Bàbá Wa

Nígbà tí ojú bàbá mi di bàìbàì, wọ́n ní kí n bá àwọn ta mọ́tò wọn tó wà nínú ọgbà wa l'Ókokomáìkò. Mo lọ tẹ ìwé àṣẹ aṣojú, tó máa jẹ́ kí n lè ta ọkọ̀ náà lórúkọ wọn, jáde ní Ìyànà-Ìbà, mo buwọ́ lù ú, mo sì gbé e lọ bá lọ́yà kan tó jẹ́ nótárì, pé kó lu òǹtẹ̀ sí i.

Lọ́yà wo ìwé náà, ó tún wò mí.

"Ta ló ni mọ́tò?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Kí wá ni ìbuwọ́lù tiyín nìkan fẹ́ ṣe? Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń fúnni láṣẹ. Òun ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú níwájú mi. Ẹ mú wọn wá."

Ó wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo mú bàbá débẹ̀, lọ́yà ní kí n bọ́ síta. Mo ń na etí, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Kí ni wọ́n ń sọ tó pẹ́ tó báyìí? Ìgbà tí wọ́n máa fi pè mí wọlé, wọ́n ti tún ìwé náà kọ. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé n'Íbà ti wọ inú rẹ̀: àwa méjèèjì la jọ máa ta ọkọ̀, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá a tà. Bàbá ti buwọ́ lù ú.

Mo bi wọ́n nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ padà sílé pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n kọjú sí títì.

Ó dá mi lójú pé ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí oníbàárà wá láti Òjó, orí ìdúró ni ẹ̀gbọ́n mi wà tó fi ka ìwé náà tán.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n fi orúkọ mi sí i, àbí? Kó lè jẹ́ pé bó bá dọ̀ràn, wọ́n á mú èmi náà."

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ lọ bá bàbá!"

Oníbàárà sún sẹ́yìn. "Ṣé kò sí wàhálà lórí mọ́tò yìí?" Ó ní àfi kóun gbọ́ ohùn bàbá fúnra wọn. A mú un wọ pálọ̀.

Bàbá ní, "Ọkọ̀ mi ni, àwọn ọmọ mi sì ni. Rà á."

Ó rà á. Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé títà náà kó tó buwọ́ lù ú. Èmi náà tún un kà lẹ́yìn rẹ̀.

Títí di òní, bàbá ò sọ ẹni tó gbà wọ́n nímọ̀ràn. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní kí n bá àwọn yí rédíò sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì gbà pé èmi ni. Èmi náà ò tíì yé fura sí i.