Ọmọ Tí Mo Wọ̀n Tòun Toǹdè

Ẹyin adìẹ kan ní Tchaourou lónìí, ọgọ́rùn-ún fráǹkì ni, ẹni tó ń tà á kò sì ní bẹ̀ ọ́ kí o rà á. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, fráǹkì mẹ́wàá ni, ilé tó bá sì ní adìẹ mẹ́ta kì í ra ẹyin rárá. Síbẹ̀ ọmọdé kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹyin yóò di olè. Àwọn bàbá ló ń jẹ ẹ́, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí mo ti yunifásítì dé.

Lọ́dún náà, mi ò tíì rí iṣẹ́ gidi. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé agbẹ̀bí àgbà kan lọ sí àwọn abúlé apá Sanson láti wọn àwọn ọmọ ọwọ́. A ó so òṣùwọ̀n kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, a ó gbé ọmọ sínú àpò tó ní ihò ẹsẹ̀ méjì, èmi yóò ka kílò, n ó sì fi àmì sí orí fíìsì, ìyẹn káàdì tí ìyá ọmọ ń mú lọ mú bọ̀. Bí àmì bá bọ́ sí ojú àwọ̀ ewé, ọmọ ń ṣe dáadáa. Bó bá bọ́ sí ojú pupa, ó di wàhálà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ki bírò mẹ́ta bọ àpò àyà, bí ẹni pé ọ̀kan kò lè kọ kílò mẹ́jọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ọkọ ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti lé lọ́dún kan. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í na ọwọ́ sí nǹkan. Bí o bá pàtẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, yóò kàn máa wò ọ́ ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wọ̀n ọ́n, oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fi àmì sí ojú àwọ̀ ewé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ara ọmọ le, pé ó jọ pé orí ni kò pé. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí akọ̀wé.

Ní oṣù kẹrin, agbẹ̀bí àgbà fúnra rẹ̀ gbé ọmọ náà. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó wò mí.

“Tonton onífíìsì,” ó ń fi orúkọ tí wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni, nítorí ó tó bí mi lọ́mọ, “ṣé ọmọ lo wọ̀n àbí irin?”

Oǹdè aláwọ mẹ́rin wà ní ìbàdí ọmọ náà, ìlẹ̀kẹ̀ wà lórí rẹ̀, ẹ̀gbà irin wà ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí pé méjì tí ẹ̀gbọ́n mi bí ṣáájú ti kú. Mo ti ń rí wọn tẹ́lẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n wúwo. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ló so wọ́n, òun kan náà ló sì máa ń dín ẹyin fún mi. Ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀.

Ìyá ọkọ dìde. “Ẹni tó bá tú nǹkan yẹn ló pa á o!”

Ẹ̀gbọ́n mi gba ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó tú oǹdè, ó tú ìlẹ̀kẹ̀, ó fi ọṣẹ yọ ẹ̀gbà irin. Àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ igi sún mọ́ wa. Nígbà tí a gbé ọmọ padà sórí òṣùwọ̀n, ojú pupa ló bọ́ sí.

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ìwé tí a kà sọ pé ebi ọdún méjì àkọ́kọ́ ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kí ó má da ara rẹ̀ láàmú mọ́.

“Ṣé ìwé yẹn ló bí i?” ó bi mí. “Oṣù mélòó ló kù kó pé ọdún méjì? Ìyẹn ni kí o kà fún mi.”

Agbẹ̀bí ti gbọ́. Ó ní òótọ́ ni pé ebi tó ń jẹ ẹran ara ọmọ ń jẹ ọpọlọ rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n pé kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a jáwọ́. “Ẹ fún un lẹ́yin. Ẹ po ẹ̀wà sọ́yà àti ẹ̀pà mọ́ kókó tó ń mu, ẹ fún un ní wàgàṣì, wàrà àwọn Fúlàní. Kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa bá a ṣeré. Ẹ má kàn jókòó máa wò ó.”

Láti ọjọ́ náà, àárín agboolé gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó sí láràárọ̀ láti bó ẹyin. “Ẹ wá wo olè mi o!” ló máa ń ké. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan igbá, ọkọ́, etí ewúrẹ́, ó ń pe orúkọ wọn fún un títí ọ̀fun rẹ̀ fi há. Nígbà tí òjò dá, ọmọ náà na ọwọ́ sí ìyá bàbá rẹ̀ tó ń kọjá lọ, ó já gèlè rẹ̀ gbà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò rí i? Ó ti ń jalè!” ni ìyá àgbà wí. Ó wé gèlè náà padà, ó tẹ orí ba kí ọmọ tún já a gbà.

Kò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó pẹ́ kó tó rìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́, tíṣà ní kó lọ sóko, ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ padà sí kíláàsì. Lónìí, káfíńtà ni ní Tchatchou, ó ń ṣírò ìwọ̀n pátákó láìmú bírò. Mi ò ní kí ebi má gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọ̀dọ́ onífíìsì kan tó ń mi orí níwájú ìyá ọmọ, mo máa ń dìde, ọ̀pá ni mo fi ń dìde báyìí, mo sì máa ń sọ fún un pé mi ò gbà, kó tún ọmọ náà wọ̀n, kó sọ ohun tí wọn yóò fún un jẹ.

Agbẹ̀bí àgbà ti kú. Ìyá ọkọ ti lọ, ọkọ náà ti tẹ̀lé e. Nínú àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, méjì péré ni mo mọ̀ pé wọ́n kù. Ẹ̀gbọ́n mi wà, ó ṣì ń bá mi jà. Èmi náà wà. Ọmọ náà wà. Orí tí mo ní kò pé yẹn ti ń hu ewú.