Layisoni àti Sàréè Biziwiki

Layisoni kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Òun ni àwọn aláṣẹ igbó ọba gbà síṣẹ́ láti dá igi padà sórí òkè Kaphiri, òkè tó ti pá bí orí mi yìí. Ó gbin ọmọ igi mbawa lójò, ewúrẹ́ jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀rùn. Ó tún gbìn. Kùkùté tó bá sì rúwé, ẹlẹ́èédú á gé e.

Ọ̀gá igbó ọba wá sọ fún un pé bí òjò mìíràn bá bá òkè náà bẹ́ẹ̀, àwọn á fi í sílẹ̀ fún ẹlẹ́èédú pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí dun Layisoni. Enelesi, ìyàwó rẹ̀, ní ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ igi yẹn sọ̀rọ̀ dùn ju èyí tó fi ń bá òun sọ̀rọ̀ lọ.

Ládùúgbò wa, inú itẹ́ òkú nìkan ni igi ńlá kù sí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gégi níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wọ ibẹ̀, àfi béèyàn bá kú. Layisoni rò ó. Ó gun òkè, ó kó erùpẹ̀ jọ gbọọrọ, ó gbé ìkòkò fífọ́ lé e bí a ti ń ṣe sí sàréè. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ jẹ òkèlè nsima rẹ̀.

Ewúrẹ́ kankan ò débẹ̀ mọ́. Àwọn darandaran ò jẹ́. Ẹlẹ́èédú gba ọ̀nà míì.

Ohun tí Layisoni gbàgbé ni pé a kì í wo sàréè tuntun láìsunkún. Àwọn obìnrin tó lọ ṣẹ́gi rí i, wọ́n jókòó, wọ́n sunkún dáadáa. Ìgbà tí wọ́n délé ni wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló kú. Baálẹ̀ gbọ́, ó bínú pé wọ́n sin èèyàn sílẹ̀ òun láìsọ fóun. Ó ránṣẹ́ sí Layisoni. Layisoni ní àlejò kan ni, pé òun bá òkú rẹ̀ létí odò. Baálẹ̀ ní àlejò náà á lórúkọ. Layisoni ní Biziwiki.

Kò pẹ́ tí Biziwiki fi di èèyàn. Fostino alágbẹ̀dẹ ní àwọn jọ wa kùsà ní Joni, ìlú wúrà, pé ọkùnrin náà mọ ijó jó. Opó kan, Nagama, ní ó ti ṣèlérí láti fẹ́ òun. Ó wọṣọ ọ̀fọ̀. Nígbà tó yá, ó ń ṣe èmi gan-an bíi pé mo mọ Biziwiki rí. Ó ga. Ó máa ń tiro díẹ̀.

Àwọn agbẹ́sàréè ló wá da nǹkan rú. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló gbẹ́ ẹ, àwọn ò sì jẹ adìẹ òkú tí wọ́n ń pa fún agbẹ́sàréè, nítorí náà kò tíì di sísin. Wọ́n ní àwọn á hú u, àwọn á tún un sin. Baálẹ̀ gbà. Layisoni mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i pé ihò náà ṣófo, ewúrẹ́ á ti wà lórí òkè kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Dasiteni ni olórí wọn. Ọmọ arákùnrin ìyá Layisoni ni, nílé wa irú ìbátan bẹ́ẹ̀ láṣẹ láti bú èèyàn.

“Ìwọ orí ewúrẹ́ yìí,” ló wí, “o sin èèyàn bí ẹni ri ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè pọ́n.”

“Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

“Òun ló ń sinmi. Àwa ò tíì jẹun.”

Enelesi pa adìẹ. Àwọn agbẹ́sàréè kọ́kọ́ máa ń jẹun kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ adìẹ òkú gbọ́dọ̀ sin òkú. Bí òkú ò bá sí, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ ẹ́ ni yóò dí àyè náà. Ọmọdé mọ èyí.

Àwa ìyókù jókòó sísàlẹ̀, a kẹ̀yìn sí wọn bó ti yẹ. Layisoni fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, wọ́n gbẹ́ ẹ dé àyà. Dasiteni gbójú sókè.

“Ẹni ẹ dà?”

“Ṣé ẹ jẹ adìẹ yẹn tán?” Layisoni bi í.

“A jẹ ẹ́ tán.”

“Títí kan orí?”

Àwọn agbẹ́sàréè wo ara wọn lójú. Dasiteni jáde nínú ihò, ó gbọn ọwọ́, ó kígbe sí baálẹ̀ nísàlẹ̀.

“Ó wà níbẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ ni. A ti yí i padà.”

Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Ẹni mẹ́ta ló di Nagama mú.

Baálẹ̀ kéde pé òkè Kaphiri ti di itẹ́ òkú, nítorí pé èyí àtijọ́ ti kún. Òjò dé, mbawa yọrí. Ọ̀gá igbó ọba wá, inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ wọlé lọ wò ó. Dasiteni bi í pé ta ló kú nílé wọn. Ó padà.

Ṣùgbọ́n Layisoni náà ò lè wọlé mọ́. Ó bẹ Dasiteni pé kí ó jẹ́ kóun lọ ro ìdí igi fún wákàtí kan.

“Àfi tí wọ́n bá gbé ẹ wọlé, ìbátan mi,” Dasiteni wí.

Ní báyìí, kò sí òkú tí Layisoni kì í sin. Ó lè jẹ́ ará abúlé kejì tí kò mọ̀ rí. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, tòun ti ọkọ́ rẹ̀, òun náà ló máa ń kẹ́yìn. Wọ́n ń yìn ín kiri pé èèyàn dáadáa ni, pé ó káàánú òkú. Bí wọ́n bá ti kọrin tán tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, á kúnlẹ̀ nídìí mbawa, á máa tu koríko.