Òkúta Tó Ń La Ẹnu ní Pálọ̀ Wa

Ọdún tí mò ń sọ yìí, n kò mọ iye tí àwọn tó mọ̀wé ń pè é. Ọdún tí ooru pa adìyẹ ni. Ẹni tó bá wà ní àdúgbò Tampouy ní Wagadugu nígbà náà á rántí: adìyẹ á kàn la ẹnu, á na ìyẹ́ méjèèjì, á ṣubú lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án gangan, àwọn tó ń sìn wọ́n á sì máa kó wọn sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ dànù. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀, bí àlejò tí kò rí ibi jókòó sí. Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀rọ ṣe, èmi tí n kò mọ̀ ju kí n tẹ iná kó tàn lọ.

Àsìkò òjò tó ṣáájú ooru yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi. Páàtì alùpùpù ló ń tà. Ọkùnrin tó lè pe orúkọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ńjìnnì ní èdè Mooré, ní èdè Dioula, ní Faransé, láìmí, ló wá di ẹni tó ń fi ojú sọ̀rọ̀. Apá ọ̀tún kọṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́, ahọ́n wúwo. Dókítà sọ fún mi pé oògùn ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara tí kò bá jẹun kò ní gbọ́ ti oògùn. Ọkọ mi kò sì jẹun. Á dijú, á di ẹnu pọ̀ mọ́ ṣíbí bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo.

Ibì kan ṣoṣo ló ti ń la ẹnu: iwájú àpótí gíláàsì rẹ̀.

Àpótí náà gùn tó ibùsùn ọmọdé, omi òkun ló kún inú rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi í fún un, nítorí ọkọ mi ló máa ń bá a wá nǹkan tó bá bàjẹ́ lára ẹ̀rọ rẹ̀. Àbíjàn ni ọkọ mi ti kọ́ṣẹ́ ọjà, ní ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ òkun láti orí ẹní. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Wagadugu ló ti máa ń sọ pé Ọlọ́run fún ìlú yìí ní gbogbo nǹkan, etí òkun nìkan ni kò fún un. Ló bá gbé etí òkun wọ pálọ̀ mi ní àdúgbò Hamdalaye. Ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn wà níbẹ̀, edé kan wà níbẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, àti òkúta.

Òkúta yẹn ni kí o kọ dáadáa, ìwọ ọmọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí. Wọ́n wà láàyè. Bí iná orí wọn bá tàn, wọ́n á la ẹnu bí òdòdó, wọ́n á máa fì nínú omi. Bí iná bá kú, wọ́n á pa ẹnu dé. Ìgbà tí wọ́n bá là ni ọkọ mi ń là. Mo máa ń gbé ẹ̀kọ lé orí itan, mo ń dúró dè wọ́n. Tí wọ́n bá là báyìí, ojú rẹ̀ á tàn, èmi á yára ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fà á bọ̀ títí ooru fi dé.

Àwọn ọmọ wa wà ní Àbíjàn àti Niamey. Wọ́n ń pè mí. "Màmá, ẹ ta nǹkan yẹn. Ẹ̀yin nìkan, aláìsàn ńkọ́, ẹja tún kún un?" Mo ní kò burú, mo ti gbọ́. N kò tà á.

Ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, iná lọ láàárọ̀, ó dé lọ́sàn-án, pọ́ńpù kò dún. Pọ́ńpù yẹn ló ń yí omi ká. Bí omi bá dúró sójú kan, èémí á tán nínú rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á kú. Mo fi ọwọ́ kan gíláàsì: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Mo ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kan ní Tampouy, ọmọ Mossi, tó ti ń ra páàtì lọ́wọ́ ọkọ mi láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ó dé, ó wo omi, ó wò mí.

"Màmá, ẹ ń se ọbẹ̀ ẹja láìdáná. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà yìí, èédú pàápàá ẹ kò fẹ́ rà mọ́?"

"Tún un ṣe, kí n tó fi orí rẹ kún ọbẹ̀ náà."

Ó tú pọ́ńpù. Iyọ̀ ti gan mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré inú rẹ̀ bí ohun tó ń gan mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Ó fa irin yọ, ó fẹ́ máa ha á. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń fi irin ha kẹ́tùlù? Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo jẹ́ kó rin dáadáa. Ó ń hó, iyọ̀ ń yọ́. A ṣan án, a dá a padà, ó dún. Mẹkáníìkì wá so bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọn, kí pọ́ńpù lè máa ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá mú iná lọ. Ọkọ mi fi ọwọ́ òsì lu itan rẹ̀. Iṣẹ́ náà wù ú.

Ṣùgbọ́n bátìrì kì í mú omi tutù. A gbé fáànù kọjú sí omi. Ó tutù díẹ̀, àmọ́ omi ń fà. Mo ti bu iyọ̀ sọ́wọ́, mo fẹ́ fi omi oníyọ̀ kún un, kí n tó rò ó pé kí n kọ́kọ́ bi ẹlẹ́ja Lomé. Ẹlẹ́ja yìí, Ànàgó ni, ó ń kó ẹja òkun, òun ló sì máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọkọ mi lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tírélà. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Ìyá, omi ló ń fò lọ, iyọ̀ jókòó sẹ́yìn. Omi lásán ni kí ẹ fi dí i." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ooru ń le sí i. Òkúta ń là ní ìlàjì, ọkọ mi ń gbé e mì ní ìlàjì.

Mo wá rò ó. Ìgbà tí ayé ti ń gbóná ní ìlú yìí, kí fíríìjì tó dé, kí la fi ń mu omi tutù? Àmù. Bí o bá fi àpò kòkó tó tutù wé àmù, tí o gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà, ọ̀sán yòówù kó mú, omi inú rẹ̀ á ta èèyàn léyín. Mo ní kí mẹkáníìkì jẹ́ kí omi àpótí máa gba inú àmù kọjá nínú ọ̀pá, kó máa padà wálé ní tútù. Ó ní, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ kò lọ sílé ìwé?" Ó ká ọ̀pá rọ́bà sínú àmù. Omi lọ, omi bọ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìgbà náà ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì lu àga. Ó ń nàka sí yàrá tó kó ọjà rẹ̀ sí. A gbé èyí jáde, ó mi orí. A gbé ìyẹn, ó mi orí. Títí mẹkáníìkì fi gbé ọ̀pá kan tó ká lọ́bìrípo jáde, èyí tí ọkọ mi tú lára fíríìsà àtijọ́ tó sì tọ́jú pamọ́: bàbà, irin pupa tó ń dán. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù fún un.

Láàárín àwọn onípáàtì, irin pupa ni ọba. Rọ́bà á gbó, irin dúdú á dípẹtà, èyí á máa ru ooru jáde bí alábàárù. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé òun ni, wọn kì í tún bi ara wọn ní nǹkan kan. Mẹkáníìkì kígbe sí ọkọ mi, "Alájì! Ẹ̀gbẹ́ kan ló sùn, orí kò sùn! Barka, Alájì, barka!"

A so ó mọ́ rọ́bà, a rì í sínú àmù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti tutù. Àwọn òkúta là bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kọrin. Ọkọ mi jẹ ẹ̀kọ tán, ó tún fi ojú béèrè sí i. Mo wólẹ̀ lórí ẹní ìkírun mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, edé ló kọ́kọ́ kú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìgbín ń já bọ́ lára gíláàsì bí èso tó gbó. Òkúta pa ẹnu dé. Iná tàn lórí wọn, wọn kò là. Omi tutù, pọ́ńpù ń dún, bátìrì kún, kò sí ohun tí mo lè nàka sí pé ìwọ lo ṣe é. Ọkọ mi náà pa ẹnu dé.

Mo fọ kàn-ìnkàn-ìn tó ń sẹ́ omi. Mo tú ẹ̀rọ tó ń mú omi hó bí ọṣẹ láti kó ìdọ̀tí jáde, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Mo pààrọ̀ iná. Mo tan án, mo pa á, mo tún tan án, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Mo gbé ṣíbí dúró níwájú ẹnu ọkọ mi títí ẹ̀kọ fi dì lórí rẹ̀.

"Alájì, ẹ la ẹnu."

Kò là.

"Ẹ là á nítorí Ọlọ́run."

Omi ń bọ́ lójú ọ̀tún rẹ̀, ojú tí kò lè pa dé dáadáa mọ́. Egungun àyà rẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Òwú ni mo ń rẹ sínú omi ṣúgà, tí mo ń fún un sí i létè. Ọjọ́ kan, inú bí mi. Mo ní, "Òkúta ni ẹ fẹ́ bá kú? Èmi tí mo bímọ fún yín, ẹ kò lè tìtorí mi jẹun?" Kò wò mí. Àpótí ló ń wò. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ìbòrí di ara mi lẹ́nu kó má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ibẹ̀ ni àmù wà. Mo kúkú bu omi sí àpò tó wé e, nítorí pé iṣẹ́ kò ní dúró de ẹkún. Ni mo bá rí i. Níbi tí irin pupa ti pàdé rọ́bà, nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù yíká, irú èyí tó ń hù lára abọ́ bàbà tí èèyàn bá gbàgbé ọbẹ̀ oníyọ̀ sínú rẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ́ kí adìyẹ pàápàá jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo pe ẹlẹ́ja Lomé.

"Ẹ ní kí lẹ rì sínú àmù, Ìyá?"

"Ọ̀pá bàbà. Omi àpótí ló ń gba inú rẹ̀ kọjá."

"Yéè! Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó pa fóònù! Ẹja lè fara dà á. Òkúta, edé, ìgbín, májèlé ni fún wọn! Ta ló gbà yín nímọ̀ràn yẹn?"

Mo yẹjú wo pálọ̀. Orí ọkọ mi ti tẹ̀ sí èjìká.

"Ooru ni," mo ní.

Ó ní kí n má tíì sọ̀rètí nù. Òun á pọn omi òkun kún kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń pè ní bídọ̀nù, òun á fi rán awakọ̀. Kí n máa da omi tó ti bàjẹ́ nù díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá dúró de tírélà Lomé rí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró. Wọ́n ní ó wà ní bodè. Wọ́n ní táyà fọ́. Ọkọ mi ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí mo bá ń yí i padà lórí ibùsùn.

Nígbà tó dé, mẹkáníìkì gbé mi lọ sí Kossodo, ibi tí àwọn tírélà ń já ẹrù sí. Awakọ̀ náà jókòó lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ níbi òjìji. Ó rí i pé ojú mi pọ́n, omi sì ń dà lójú mi.

"Ìyá, omi iyọ̀ yìí náà lẹ ń pè mí kiri sí? Ẹ bá kúkú sunkún sínú àpótí ẹja yín, kí n ríbi sùn."

Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹkún kò sì dá.

A dé ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ omi. Mẹkáníìkì ká ọ̀pá rọ́bà gígùn sínú àmù méjì báyìí, kí omi lè pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà. Ìyẹn ni ì bá ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá pupa wà nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ọkọ mi wò ó. Ó wo rọ́bà. Ó wò mí. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí ohun tó ń ba nǹkan jẹ́. Mẹkáníìkì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ooru ni, Alájì," mo ní. "Ooru ló pa wọ́n. Kí ni kò pa lọ́dún yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì," ni mẹkáníìkì wí. "Adìyẹ tèmi gan-an, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan."

Kò sin adìyẹ rí láyé rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn òkúta náà funfun bí egungun, wọn kò là mọ́. Ẹja méjèèjì yè. Òkúta kékeré kan lẹ́yìn pátá ń yọ ẹnu, bí ẹni tí kò tíì pinnu. Mo gbé ẹ̀kọ wá. N kò dúró de òkúta kankan. Mo gbé ṣíbí sí ètè ọkọ mi, mo sì mú un dúró níbẹ̀. Ó pẹ́. Ojú mi ló ń wò, kì í ṣe àpótí. Ó wá la ẹnu. Bóyá ó gbà mí gbọ́ ni o, bóyá ó ṣàánú mi ni, n kò mọ̀ títí di òní.

Ó rí òjò ọdún yẹn. Ó jẹ àgbàdo tuntun, mo fọ́ ọ fún un. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ló lọ.

Àwọn ọmọ wa dé fún àdúrà, wọ́n rí àpótí, wọ́n ní, "Màmá, nítorí ẹja lásán lẹ ṣe fi ara yín wọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?" Mo jókòó, mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, látorí adìyẹ dórí bídọ̀nù. Àkọ́bí wa gbé orí sókè. Ó ní, "Ó wá jẹ́ pé bàbá fúnra wọn ni…" Mo dá a dúró.

Mo ní, "Mo sọ fún yín torí pé ọmọ ni yín, ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yín ni. Ẹ kò gbọ́ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní tọrọ rẹ̀. Bí ẹ bá lọ kí i lójú oórì, ẹ ṣe àdúrà fún un. Ẹ sọ ti àwọn ọmọ yín fún un, ẹ sọ bí ọjà ṣe ń lọ. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ èyí lẹ́nu yín."