Ìyá Òkú Kò Rí Ìdánwò Ṣe

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ṣì wà láàyè ní Abigi. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó sì ń gbàdúrà fún gbogbo ẹbí. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo dúró kí ó kú kí n tó kọ ohun tó wà nínú mi. Ojú rẹ̀ ti ṣú, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ketekete. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé yìí sí i létí, kí ó kà á.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi ni, ẹni tó fẹ́ di dókítà ẹranko tí kò sì dà á.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló gbé dàgbà. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, bàọ́lọ́jì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó kàn fẹ́ràn ẹranko àti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí kò tíì kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan ń rọbí, tí ìdí ọmọ inú rẹ̀ sì ṣáájú. Àwọn àgbàlagbà dúró yí i ká, wọ́n ń wá ọ̀bẹ. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó wá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nínú ibẹ̀, ó fà á bí ìyá ewúrẹ́ bá ti ń tì í jáde, ó dúró bí ó bá ti sinmi. Ọmọ ewúrẹ́ náà jáde láàyè. N kò kọ́ ọ. N kò mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Nígbà tó kọ ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, máàkì rẹ̀ kò tó fún ìṣègùn ẹranko. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni wọ́n fún un ní Àgọ́-Ìwòyè, kò sì bà á nínú jẹ́. Ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Bí ènìyàn bá gba oyè ìmọ̀ ẹranko, tí àròpọ̀ máàkì rẹ̀ sì dára, àwọn yunifásítì tó ń kọ́ ìṣègùn ẹranko lè gbà á wọlé láti ibẹ̀.

“Ìyá àgbà,” ó wí fún mi, “wíńdò ni mo máa gbà wọlé.”

Ohun kan ṣoṣo tó nílò ni kí àròpọ̀ máàkì yẹn má wálẹ̀. Kò sì wálẹ̀ títí tó fi wọ ọdún kejì. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi kú.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun kan nípa ilé ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nínú ilé lẹ́yìn ikú náà. Gbogbo Yorùbá mọ orúkọ tí a máa ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń sọ orúkọ yẹn tí wọ́n á sì gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀. Tiwọn kọ́. Ọkọ mi ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní “Ìyá mi.” Àwọn ọkùnrin tí irungbọ̀n wọn ti funfun ń dọ̀bálẹ̀ fún un nígbà tí kò tíì hu eyín tán. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń kírun, àmọ́ bí ọmọ náà bá sunkún, wọ́n á ní kí a wá wo ohun tó ń bí ìyá àwọn nínú. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó dára kí ọmọ ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn rẹ̀.

Abigi ni ọkọ mi dákẹ́ sí. A sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni ọmọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un títí yóò fi ṣe tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti rán mọ́tò lọ gbé e kí n tó sọ ọ́ tán.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní pálọ̀, wọ́n gbé e jókòó sórí rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó lórí. Ẹni tó bá wọlé wá kí wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. “Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Ìyá, ẹ mọ́kàn le.” Àwọn arúgbó ń kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí báàgì ìwé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kò ní kúrò lórí ẹní títí a ó fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ìyá kì í fi òkú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ kọ ìwé, ó ní.

Èmi wà nínú yàrá. Opó ni mí, n kò gbọ́dọ̀ jáde. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti ń bá wọn jà.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo wí, “ẹ jọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìyá òkú lóòótọ́, ta ló rí i rí kí ìyá jókòó máa gba ẹni tó ń kí i kú ọ̀fọ̀ ọmọ? Ṣebí ńṣe là ń gbé irú ìyá bẹ́ẹ̀ pamọ́? Ẹ gbé e kúrò nílé yìí. Ẹ gbé e pamọ́ sí Àgọ́-Ìwòyè.”

Mo rò pé mo ti mú un. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń kùn pé òótọ́ ni mo sọ.

“Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ní kékeré nìyẹn,” ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dá mi lóhùn. “Èyí darúgbó kó tó lọ. Ìyàwó wa, o ò sí ní kíláàsì o. Jókòó jẹ́ẹ́, kí o ṣe opó rẹ.”

Wọ́n bi àáfà. Àáfà mọ̀ dájú pé òkú kì í padà wáyé nínú ẹ̀sìn tó ń kọ́ni. Ó wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó wo abọ́ ẹran tí wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kí oníkálukú máa ṣe sùúrù. Ọmọ mi ọkùnrin, bàbá ọmọ náà, wà níbẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Láti kékeré ni kì í ti lè sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Olùkọ́ tó ń mójú tó kíláàsì ọmọ náà pè é lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní Àgọ́-Ìwòyè láìsí fóònù.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá òkú ni ẹni tí ẹ ń wá yìí o.”

“Ìyá òkú? Ọmọ rẹ̀ ló kú ni, Mọ̀mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni o.”

“Áà! Ọlọ́run á tù ú nínú. Ọmọ oṣù mélòó ni?”

“Oṣù kẹ̀? Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún!”

Àwọn tó wà ní pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní, bí wọ́n bá kóra jọ, wọ́n ṣì ń sọ ọ́, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pe olùkọ́ padà fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an. Ọkùnrin náà kò ṣẹ̀ mí. Ó ní bí ó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá tó bí i ni, òun ì bá rí nǹkan kọ. Bàbá àgbà kò sí nínú òfin wọn. Ó ní kí ó tètè máa bọ̀. Wọ́n ti mú un padà sórí ẹní kó tó pa fóònù náà.

Odo ni wọ́n kọ sí iwájú gbogbo ìdánwò tí kò ṣe. Ó tún wọn ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì yege, ṣùgbọ́n odo ti wọ inú àròpọ̀, kì í jáde mọ́. Iṣẹ́ ọdún méjì tó ń kó ṣe pọ̀ sì tún fa àwọn tó kù wálẹ̀. Kíláàsì kẹta ló fi jáde, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko kò sì fẹ́ kíláàsì kẹta. Ó kọ̀wé sí wọn síbẹ̀. Wọn kò gbà á.

Èmi àti òun lọ sí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tó kọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti di ọ̀gá níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí táìlì.

“Màámi! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bàọ́lọ́jì!”

“Mo rántí rẹ,” mo wí. “Ìwọ lo sá jáde lọ́jọ́ tí a fẹ́ la àkèré.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó sá fún àkèré ló jókòó sórí àga yẹn, ẹni tó fa ewúrẹ́ jáde láàyè ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín tán, ó ní kọ̀ǹpútà ló ń yọ wọ́n, pé bí máàkì kò bá tó, orúkọ kì í dé ọ̀dọ̀ ènìyàn rárá.

“Ṣé kọ̀ǹpútà kì í béèrè ìdí ni?” mo bi í.

“Kí ni ìdí náà, Màámi? Mo lè sọ ọ́ ní ìpàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé yóò ṣe nǹkan.”

Ọmọ ọmọ mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti wọlé. “Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi ló kú, sà.”

Ojú ọkùnrin náà yí padà. “Háà, àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú.”

Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. 

Ó tún kọ̀wé sí ibòmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kò tilẹ̀ dáhùn. Ti aládàáni kọjá agbára owó ìfẹ̀yìntì mi.

Mo lọ sí Abigi. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

“Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbà á. Nítorí ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi jókòó tì í lórí ẹní ni wọn ò fi gbà á.”

Ó ń fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run. Ó kà á tán kó tó dá mi lóhùn.

“Ìyàwó wa, ìwé tí o kà ni kò jẹ́ kí o ríran. Ìyá wa kò fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn rárá nígbà tó wà láyé. Ajá gan-an, òkò ló máa ń sọ lù ú. Ṣé o ò rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́?”

Mo ti jiyàn pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo ti jiyàn pẹ̀lú kọmíṣọ́nnà lójú rẹ̀.  Mo mú báàgì mi, mo sì lọ dúró de ọkọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, “Màámi, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.” Gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ, Ọlọ́run ló máa ń gbé e fún.

Ní báyìí, ọmọ ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fíìdì adìẹ ní Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ọdún yìí jáde, mo wọ ọkọ̀ lọ bá a níbẹ̀. Ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi, ó ra omi tútù fún mi.

“Fọ́ọ̀mù ti jáde,” mo wí.

“Mo rí i, Ìyá àgbà.”

“Ìgbà wo lo fẹ́ kún un?”

“N kò kún un mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi.”

Omi náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbé ọmọ ajá kan sínú páálí. Ajá náà ń bì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ páálí. Ọmọ mi gbé ètè rẹ̀ sókè, ó wo èrìgì rẹ̀, ó fa awọ ọrùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì wo bí ó ti pẹ́ tó kí awọ náà tó padà. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe ajá náà.

“Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nísinsìnyí o.”

“Kó tó débẹ̀ ńkọ́? Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Wọ́n purọ́ fún yín. Fíìdì ni mò ń tà.”

 Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé páálí rẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà lọ. Ọmọ mi kò wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì wo ojú mi. Bàbá kan ti dúró sídìí káńtà.

“Ẹ̀yin lẹ kàn, sà,” ó wí fún un. “Ti òròmọdìẹ ni àbí ti adìẹ tó ń yé?”