Pín tí ìyá kan fi sí mi láṣọ nínú bọ́ọ̀sì

Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti dá ẹjọ́ èmi àti màmá mi lónìí, mo sì jẹ̀bi!

Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí, Ìbàdàn sì ni Mummy wà, èmi wà ní ìlú òyìnbó. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè: "Ṣé o ti fi pín sáṣọ? Aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan láìfi pín sáṣọ o!"

Lónìí, mo ń bọ̀ láti ọjà Rye Lane, mo gbé iṣu dání, ẹsẹ̀ mi ti wú. Wọ́n tún pè. Inú bí mi.

"Mummy, Peckham ni mo wà! Kò sẹ́ni tó ń fi pín sáṣọ níbí!"

Mo pa fóònù. Ìyá àgbà kan tó wọ híjáàbù, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bá yíjú sí mi:

"Ṣé oòrùn kì í ràn ní Peckham ni?"



Wọ́n yọ pín tó wà lọ́rùn híjáàbù wọn, wọ́n fi há aṣọ mi níbi ikùn.

"Ó yá, pe màmá ẹ padà. Sọ fún wọn pé mo ti bá wọn fi sí i."

Ha! Mummy pariwo ayọ̀. Ni àwọn méjèèjì bá ń ṣàdúrà fún ara wọn lórí fóònù mi, àfi bíi pé wọ́n ti mọra tipẹ́.

Nígbà tí ìyá náà ń sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ kan ni wọ́n fi di híjáàbù mú, wọ́n ń fi ìkejì juwọ́ sí mi.

Mi ò tiẹ̀ bi wọ́n lórúkọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún sí ìlú òyìnbó, ta ló bá màmá yín fi pín sí yín láṣọ?