Ìyá Ṣó-Ṣojú-Ẹ

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Dókítà Jẹ̀mílátù Sàláúdéènì ní Ọjà-Ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Olùkọ́ ni obìnrin náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaròó. Iṣẹ́ ìwádìí tó gbé ka iwájú ni láti mọ iye ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé lóòótọ́ ní ilẹ̀ Yewa. Ìwé ìjọba sọ pé ọmọ tó wà nílé-ìwé Abà Olókùúta lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Jẹ̀mílátù gun ọ̀kadà Lukman, ó lọ wò ó. Nígbà tó débẹ̀, ewúrẹ́ ló sùn sí kíláàsì.

Husain, ọ̀gá ilé-ìwé náà, sáré jáde, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ bọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Àwọn ọmọ ti lọ fún ìsinmi ráńpẹ́."

"Kò burú. Màá dúró dè wọ́n."

Ó fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó. Oòrùn kan àtàrí, oòrùn yẹ̀ àtàrí, ìsinmi kò parí. Nígbà tí ìtìjú pọ̀ jù fún Husain, ó gbé aago, ó lù ú. Àwọn ewúrẹ́ dìde, wọ́n gbọn ara wọn nù, wọ́n tò jáde, wọ́n gba ilé lọ. Jẹ̀mílátù wò wọ́n títí wọ́n fi wọ igbó.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí mọ aago."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun téèyàn sọ fún un tí kò ní béèrè pé, "Ṣó ṣojú ẹ?" Ìyẹn làwọn ọlọ́kadà ṣe ń pè é ní Ìyá Ṣó-Ṣojú-Ẹ. Abdulfatah, ọkọ rẹ̀, máa ń sọ pé bí òun bá ní òjò ń rọ̀, yóò na ọwọ́ síta kó tó gbà. Nígbà tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ó ní òun kò rí obìnrin tó dà bíi rẹ̀ rí. Jẹ̀mílátù bi í pé obìnrin mélòó ló ti yẹ̀ wò. Abdulfatah ronú díẹ̀, ó ní méjì. Torí pé kò fi kún un ni Jẹ̀mílátù ṣe gbà láti fẹ́ ẹ.

Ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti máa ń sá fún un jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Olúdayọ̀ ló ń kó iye àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, Jẹ̀mílátù lọ bá a.

"Lóòótọ́, Màmá, ọ̀ọ́dúnrún ti pọ̀ jù," ni Olúdayọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká fi í sí igba."

"Ṣó ṣojú ẹ?"

"Ó dáa, àádọ́jọ. Ibi tí mo lè bá yín dé nìyẹn."

"Olúdayọ̀, ọmọ ni mo ń wá. N kò wá ra ata."

Ṣùgbọ́n nígbà tó wá àwọn ọmọ náà lọ, ohun tó rí kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ọ̀nà igbó tó já sí ẹnubodè ló ti bá wọn. Àwọn kan ń ru ìrẹsì wọlé, àwọn kan ń gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò jáde. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Toyibat. Ó sọ àpò orí rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún Jẹ̀mílátù. Èdè Faransé ni. Ọmọ náà kò mọ̀, ó ṣáà ń kà á lọ geere bí ẹni ń ka Yorùbá. Jẹ̀mílátù rẹ́rìn-ín, ó bá a délé.

Roheemat, ìyá ọmọ náà, ń yan gàrí lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ ò rán an nílé-ìwé ni?"

"A rán an, mà. Husain nìkan ló kù síbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé béèrè tíṣà títí, ìjọba ní tíṣà pé síbẹ̀ nínú ìwé àwọn. Ta ni kó wá máa jókòó tì?"

Nígbà tí Jẹ̀mílátù àti Lukman padà dọ́dọ̀ Husain, ọkùnrin náà kò parọ́ mọ́. Ó ní bí òun bá kọ iye tó jẹ́ òótọ́, wọn yóò ti ilé-ìwé náà pa. Bí òun bá sì purọ́ pé gbogbo nǹkan pé, wọn kò ní rán tíṣà wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn á ṣì wà ní ṣíṣí. Jẹ̀mílátù gun ọ̀kadà, ó ní kí Lukman máa gbé òun lọ sílé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò kan gbiná lẹ́bàá ààrò, nílé ẹni tí àwọn ọmọ náà ń bá ru ẹrù. Toyibat wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi kú.

Ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn dé, ìwé ìjọba jáde. Ọmọ kankan kò dín ní Abà Olókùúta. Toyibat ti bọ́ sí kíláàsì karùn-ún.

Jẹ̀mílátù tún gba ọ̀dọ̀ Olúdayọ̀ lọ.

"Mo fẹ́ kí o yọ orúkọ ọmọ kan."

"Màmá, ọmọ kan ṣoṣo kò lè ba ìṣirò jẹ́."

Lọ́jọ́ yẹn, kò bá a jiyàn. Ó jókòó, ó sì rọra sọ fún un bí ara ọmọ náà ṣe rí, tí wọn kò fi lè fọwọ́ kàn án láti wẹ̀ ẹ́. Olúdayọ̀ kọjú sí ògiri.

"Bí iye bá dín, Màmá, wọ́n á bi mí pé kí ló dé."

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Kí wọ́n bi ọ́."

Nígbà tí ìwé mìíràn jáde, iye ọmọ Abà Olókùúta ti dín ní ẹyọ kan géérégé. Gbogbo irọ́ tó kù wà níbẹ̀ digbí. Jẹ̀mílátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tán, omi ojú kò tán.

Tíṣà kankan kò wá. Jẹ̀mílátù fúnra rẹ̀ ló wá ń lọ kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwé kíkà ní Ọjọ́bọ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Lọ́jọ́ kan tó ń pe orúkọ, ọmọ kékeré kan dáhùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó ń bọ̀.

"Ṣó ṣojú ẹ?"

"Rárá, mà. Ó kàn ń wù mí ni."

Jẹ̀mílátù fi àyè ẹ̀gbọ́n náà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kò jáde. Àwọn tó fi ránṣẹ́ sí dá a padà, wọ́n ní iye tó kọ kò bá ti ìjọba mu. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá, ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ.

Ní ọjọ́ àdúrà fídáù rẹ̀, Lukman gbé Roheemat wá sí Ìlaròó. Àwọn èèyàn ń pa ìtàn obìnrin náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Roheemat jókòó lọ́tọ̀. Abdulfatah lọ kí i, ó dúpẹ́ pé ó wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìyàwó yín máa ń yà sọ́dọ̀ mi," ni Roheemat wí. "Wọn kì í béèrè iye kankan. Wọ́n á ní kí n sọ irú ọmọ tí Toyibat jẹ́, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹni tó fi ojú jọ. Àwọn ará ilé mi ní kí n má dárúkọ ọmọ náà mọ́." Ó fi ìborùn nu ojú. "N kò mọ ẹni tí màá máa sọ ọ́ fún báyìí."

Abdulfatah fa àga kan, ó jókòó.

"Ta ló fi ojú jọ?" ó bi í.