Ampilifáyà Tó Bá Mi Kí Ìyá Ọkọ Mi

Òórùn eruku tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí irin gbígbóná ni mo fi ń rántí pálọ̀ tí mo kọ́kọ́ ní nílé ọkọ. Ilé náà wà ní Ọ̀fà, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí èéfín ọkọ̀ ti máa ń bà lé aṣọ tí èèyàn bá sá, tí ilẹ̀ sì máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n òórùn tí mò ń sọ yìí kò ti ìta wá. Inú pálọ̀ wa gan-an ló ti ń jáde, láti ara irin dúdú ńlá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí àgbà tó ń retí àlejò. Ampilifáyà ọkọ mi ni, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé sábẹ́ abíyá kiri. Gbàgbé ìyẹn. Òyìnbó rélùwéè kan tó ń padà sílùú rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ló fi tiwa ta ọkọ mi lọ́rẹ, nítorí pé ọkọ mi ló ń tọ́jú wáyà tẹlifóònù ibùdó, ó sì fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù ló gbé e wá láti Òkè Ọya. Àwọn alábàárù fi igi gbọọrọ gbé e láti ibùdó wá sílé bí ìgbà tí wọ́n gbé pósí, débi pé ìyá kan tó pàdé wọn lọ́nà tú gèlè rẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó kú. Wọ́n gbé e lé tábìlì tí àwọn òbí mi fi sìn mí wá sílé ọkọ. Tábìlì náà ké ìrẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, irin sì jókòó sílẹ̀. Kò tún sí ẹni tó gbé e kúrò níbẹ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo ń gbá a yíká ni. Báyìí ni èmi àti ampilifáyà ṣe di orogún.

Iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò wa nígbà náà. Bí ọkọ mi bá ti tan irin yẹn, iná tó wà lájà á rẹ̀ sílẹ̀ bí ojú ẹni tó ń tòògbé, àwọn gílóòbù kéékèèké inú irin náà á sì máa pọ́n bí ẹyín iná. Ológbò Alhaji onílé wa máa ń wá sùn lórí rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Èmi náà rí i pé ooru rẹ̀ wúlò. Mo gé ilá lọ́jọ́ kan, mo tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e lé e lórí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ilá ti gbẹ kanrin. Ọkọ mi wọlé, ó rí ilá lórí ohun tó fẹ́ràn jù láyé, ó dúró gbagidi.

“Ìyàwó, ṣé àdògán lo pe èyí ni?”

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Àdògán ò wúwo tó báyìí.”

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin aláwàdà ni, ohùn rẹ̀ sì ròkè bí ti ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ bá ariwo ọkọ̀ ojú irin du ọ̀rọ̀ sọ.

A ò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a ṣègbéyàwó nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti oko wọn lọ́nà Ìlemọnà, láti wá bá wa gbé. Ibẹ̀ ni ìyọnu mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wa ní Ìjàgbó, ìyá tó bí mi kọ́ mi pé ohùn ìyàwó kì í kọjá etí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, tí mò ń tẹrí ba, tí mò ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kí wọn: “Ẹ káàárọ̀, ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Kí ni kí n sè fún yín?” Ìyá á wò mí títí, wọn á sì yí ojú sí ògiri. Bí mo bá béèrè bóyá ẹ̀kọ ni wọ́n fẹ́ tàbí iyán, wọn ò ní fèsì. Bí mo bá wá gbé ẹ̀kọ dé, wọn á ní ta ló sọ pé òun ń jẹ ẹ̀kọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rẹ́ ni Ìyá àti orogún mi. Bí ọkọ mi bá ti so rédíò mọ́ irin náà tí orin bẹ̀rẹ̀, wọn á fa àga wọn lọ sẹ́bàá àpótí sípíkà tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, èyí tó ga dé ìbàdí mi, wọn á gbé ọwọ́ lé e, wọn á máa mi orí. “Irin yìí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ tó já gaara nílé yìí,” ni wọ́n máa ń wí. Èmi a máa wà ní ìdí ààrò, mà á máa gún ata bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò Ìyá obìnrin wá kí wọn. Mo wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ohùn Ìyá ń dún dé ìdí kànga. “Ìyàwó yìí ń fi ètè bú mi,” ni wọ́n wí. “Láràárọ̀ ló ń wá kúnlẹ̀ jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ rere kì í sá pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.” Àbúrò wọn ní kí wọ́n fara dà á títí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì á fi kọjá, pé lẹ́yìn náà kí ìdílé pé jọ, kí wọ́n dá mi padà sí Ìjàgbó kí wọ́n lọ tún mi kọ́. Garawa bọ́ lọ́wọ́ mi sínú kànga, n ò tilẹ̀ wò ó.

Mo sọ fún ọkọ mi, mo sì sunkún sí i. Kò yé e. Bó bá sọ̀rọ̀, kíá ni ìyá rẹ̀ ń dá a lóhùn. “Ìyá mi ò burú,” ló wí. “Ẹ ò tíì mọ ara yín ni.” Ó tún padà sídìí wáyà rẹ̀. Ṣé o mọ bó ṣe ń rí lára obìnrin, kí ọkọ rẹ̀ máa fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ nu eruku lára irin nígbà tí omijé wà lójú tirẹ̀? Mo ti ń di ẹrù mi díẹ̀díẹ̀ nínú ọkàn.

Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ní kí ọkọ mi wá fi ampilifáyà gbé ohùn pásítọ̀ jáde, kí àwọn tó bá dúró níta lè gbọ́. Ó lọ ra maikirofóònù, irin kékeré olójú asẹ́ tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó fẹ́ dán an wò. Ìyá jókòó sí àyè wọn lẹ́bàá sípíkà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Ọkọ mi ki maikirofóònù bọ̀ mí lọ́wọ́.

“Sọ̀rọ̀ sí i. Mò ń lọ sí títì lọ gbọ́ bó ṣe ń lọ jìnnà tó.”

“Kí ni kí n sọ?”

“Ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu.” Ó sáré jáde.

Ojú tì mí. Mo wo irin náà, kò sí ohun tó wá sí mi lẹ́nu ju ohun tí mò ń wí lójoojúmọ́ lọ. Mo bá rọra wí pé: “Ẹ kú ìjókòó, ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kí n bá yín bu omi tútù wá?”

Ohùn mi jáde nínú àpótí yẹn bí ohùn elòmíràn, ó kún, ó gbòòrò, ó sì dùn. Èmi fúnra mi fò sẹ́yìn. Ọwọ́ Ìyá dúró lórí ẹ̀gúsí. Wọ́n wo sípíkà, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wá yíjú padà, wọ́n sì rí mi.

“Ta ló kí mi?”

“Èmi ni, ìyá mi,” ni mo tún wí sínú maikirofóònù.

“Ìwọ? Tún un wí.”

Mo tún un wí. Ìyá gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Ṣé ohun tó o máa ń sọ láràárọ̀ nìyẹn?”

“Òun náà ni. Mo sì tún máa ń béèrè ohun tí ẹ máa jẹ.”

Mo gbé maikirofóònù sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn bí mo ṣe ń ṣe, mo sì kí wọn pẹ̀lú ohùn ara mi. Ìyá tẹjú mọ́ ẹnu mi. Ètè mi ń mì, kò sí ohun tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo rí i lójú wọn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé wọn, bí ẹni tí ilẹ̀ ń mọ́ fún. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi kan etí wọn. Ní oko, gbogbo èèyàn ló ń pariwo láti ebè dé ebè. Ọmọ wọn sì rèé, ohùn bí fèrè ọkọ̀ ojú irin. Wọn ò mọ̀ pé etí ti ń di. Wọ́n rò pé àwọn èèyàn ló ń dákẹ́ sí wọn ni.

“Yéè,” ni Ìyá wí. “Gbogbo ìkíni yẹn!” Ẹ̀rín gbé wọn, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n fà mí mọ́ra, ẹ̀gúsí fọ́n káàkiri ilẹ̀. Bí a ṣe wà nìyẹn nígbà tí ohùn Alhaji onílé wá láti òdìkejì àgbàlá: “Ìyàwó, bí ìyá ò bá fẹ́ omi tútù yẹn, èmi fẹ́ ẹ o!” Ọkọ mi sì ń sáré bọ̀ láti títì, ó ń pariwo pé ohùn mi dé ibùdó, pé àwọn alábàárù gbọ́ ọ, pé ìkíni mi dára púpọ̀. Ó bá àwa méjèèjì nílẹ̀, à ń sunkún, à ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe.

Láti ọjọ́ náà, ampilifáyà di ẹnu mi. Nírọ̀lẹ́, bí iná bá wà, Ìyá á jókòó lẹ́bàá sípíkà, èmi á mú maikirofóònù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé orúnkún ń dun Ìyá. Wọ́n mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ mi lánàá. Bí Ìyá bá béèrè ohun tí mo gbàgbé, ará ilé kejì á ti ojú fèrèsé bá mi dáhùn. Nígbà tí ìkórè kọjá tí àbúrò Ìyá dé fún ọ̀rọ̀ ìpàdé ìdílé, Ìyá gba maikirofóònù lọ́wọ́ mi, irin náà sì han gooro. “Ìyàwó mi ò bú mi rí,” ni wọ́n wí. “Etí mi ni ò gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà sí Ìjàgbó, kó kọ́kọ́ lọ bá mi gba etí mi padà.” Títì hó yèè. Àbúrò wọn jẹ iyán mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì béèrè fún òkèlè sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wá tí n kò lè sọ nínú ampilifáyà. Mo lóyún. O mọ̀ pé oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kéde fún ará ìta, ó sì wù mí kí Ìyá kọ́kọ́ gbọ́. Mo ro ó títí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀. N kò kúnlẹ̀. Mo sún mọ́ wọn, mo gbá orí wọn mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo fi ẹnu mi lé etí wọn ọ̀tún tí wọ́n máa ń kọ sí sípíkà, ohun tí ìyàwó kì í ṣe sí ìyá ọkọ, mo sì fi ohùn tó ki, tí kò yára, wí pé: “Ìyá mi, mo ti lóyún.”

Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ láìsí wáyà, láìsí iná. Ṣùgbọ́n adití kì í mọ bí ohùn tirẹ̀ ti ga tó.

“O LÓYÚN?”

Àwọn ẹyẹ fò lórí igi máńgòrò. Ọkọ mi sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Alhaji ti ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá dáhùn pé, “Alihamudulilai! Ọlọ́hun á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀!” Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọdé tó fọ́ àwo, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí rélùwéè gbé ọkọ mi lọ sí ìlú mìíràn, a fi ampilifáyà sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá sì bá wa lọ. A ò nílò irin mọ́. Mo ti mọ etí tó ṣì gbọ́, mo sì ti mọ bí mo ṣe lè sún mọ́ ọn. Etí yẹn ni mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ ilé mi sí títí ọlọ́jọ́ fi dé sí wọn, àti èyí tó dùn àti èyí tí n kò lè sọ fún ìyá tó bí mi.

Etí tèmi náà ti ń di báyìí. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi mú ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ wá sílé, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Mo na ọwọ́ sí i. “Ọmọ mi, n kò gbọ́ ọ,” ni mo wí. “Etí mi ti ń di. Dìde nílẹ̀ yẹn, wá jókòó tì mí, kí o tún un wí.” Ó wò mí, ó wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó dìde, ó wá jókòó sápá ọ̀tún mi. Ó kí mi. Mo sì dá a lóhùn.